Ajá Tó Ń Gbó Mọ́ Ajá Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀

Ní àwọn àdúgbò bíi Bódìjà n'Ìbàdàn àti Ṣùúrùlérè l'Ékòó, àárọ̀ kùtù ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ajá máa ń mú un jáde, kí oòrùn tó mú, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú títì. Àsìkò náà sì ni wàhálà máa ń bẹ́. Ajá kan ń bọ̀ lápá ọ̀tún, òmíràn yọ lápá òsì. Èyí àkọ́kọ́ dúró gbagidi. Etí rẹ̀ nà ṣánṣán, irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde. Kí olówó rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gbígbó ti gba àdúgbò kan. Okùn le tantan, ajá ń fẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì dúró, olówó rẹ̀ ń fà á sẹ́yìn, ó ń pariwo "Dákẹ́! Jókòó!", àwọn aládùúgbò sì ń yọjú lójú fèrèsé. Bí ajá kejì bá ti ṣẹ́ kọ́nà, ariwo a rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á tún un ṣe.

Àwọn kan á ní olórí kunkun ni ajá náà. Àwọn mìíràn á máa fi yangàn pé akọni ni, pé kò sí ajá tó lè kò ó lójú. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìwà ajá ti rí i pé ẹ̀rù ló ń ba ọ̀pọ̀ ajá tó ń gbó mọ́ ajá lójú ọ̀nà, tàbí kí inú máa bí i nítorí pé okùn kò jẹ́ kó dé ibi tó ń wò. Ẹni tó bá fẹ́ kí ariwo náà dín kù kò nílò agbára ju èyí tó ní lọ. Ohun tó yẹ kó kọ́ ni bí a ṣe ń lo àlàfo, ìyẹn ìwọ̀n ilẹ̀ tó wà láàárín ajá rẹ̀ àti ajá tó ń bọ̀.

Ohun tí gbígbó ń sọ

Oríṣiríṣi ni gbígbó. Lọ́dún 2004, dókítà ẹran kan ní Amẹ́ríkà, Sophia Yin, àti olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Brenda McCowan, tẹ ìwádìí kan jáde lórí gbígbó 4,672 tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu ajá 10. Wọ́n gba ohùn àwọn ajá náà nígbà tí àlejò tẹ aago ẹnu ọ̀nà, nígbà tí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan, àti nígbà tí wọ́n ń ṣeré. Gbígbó tí àlejò fà nípọn, ó sì le. Ti eré àti ti ìdáwà lọ sókè, ó sì ń yí ohùn padà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ fetí sí ajá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ èyí yàtọ̀ sí èyí.

Ara ajá sì ti máa ń sọ̀rọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó yà. Ajá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ a máa lá ètè nígbà tí kò jẹun, a máa yán nígbà tí oorun kò kùn ún, a máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo nǹkan débi pé funfun ẹyinjú rẹ̀ á hàn. Lẹ́yìn náà ni ara á le, ẹnu á pa dé, ojú á sì rọ̀ mọ́ ajá kejì láìṣẹ́jú. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ti ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ "wọ́ù" kan ṣoṣo.

Ìrù pàápàá lè tan ènìyàn jẹ. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Bari àti ti Trieste ní Ítálì wo bí ìrù ajá 30 ṣe ń mì. Nígbà tí àwọn ajá náà rí olówó wọn, ìrù wọn fì sápá ọ̀tún ju òsì lọ. Nígbà tí wọ́n rí ajá ńlá kan tí wọn kò mọ̀ rí, ó fì sápá òsì. Nítorí náà, ajá lè máa jùrù kí ọkàn rẹ̀ má sì balẹ̀ rárá.

Ẹni tójú ń tì nítorí ariwo ajá rẹ̀ kì í ṣe òun nìkan. Ní Finland, ìwádìí tí Yunifásítì Helsinki tẹ̀ jáde lọ́dún 2020 lórí ajá tó lé ní 13,000 fi hàn pé nínú ajá 100, bíi 17 ló ń bẹ̀rù ajá mìíràn.

Ibi tí ìwà náà ti ń wá

Ní ìlú Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí méjì, John Paul Scott àti John Fuller, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí títọ́ ọmọ ajá oríṣi márùn-ún, wọ́n sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1965. Ohun tí wọ́n rí ṣì ni àwọn olùkọ́ ajá ń tẹ̀ lé títí di òní: láti ọ̀sẹ̀ 3 sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ni ọkàn ọmọ ajá ṣí sílẹ̀ jù lọ láti gba ohun tuntun. Ohun tó bá rí láìsí ewu lásìkò yẹn á di ara ilé fún un. Ohun tí kò bá rí rí lè di ohun ẹ̀rù lọ́la.

Ẹ wá wo bí a ṣe sábà máa ń tọ́ ọmọ ajá ní ilẹ̀ Yorùbá. A ó rà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, a ó sì fi í sínú kéèjì lẹ́yìn ilé. Ìdí kan wà tí àwọn tó mọ̀ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀: àrùn parvo, tó ń mú kí ọmọ ajá máa bì, kó sì máa yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ajá náà bá wà ní kéèjì títí ó fi di oṣù mẹ́jọ, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ pàdé ajá mìíràn lójú títì, bí ọmọdé tó kọ́kọ́ pàdé eégún ló máa rí lára rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ wà láàárín méjèèjì. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìmọ̀ràn dókítà ẹran, a lè gbé ọmọ ajá náà mọ́ra láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, kí a jókòó sí iwájú ilé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó máa wo ọ̀kadà, ọmọ ilé ìwé àti ajá tó ń kọjá. A sì lè mú un lọ sí ọgbà ọ̀rẹ́ ẹni tí ajá tirẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́ pé, tí ara rẹ̀ sì dá.

Ṣéènì náà ń dá kún un. Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń wo àwọn ajá àdúgbò láti abẹ́ géètì láìlè dé ọ̀dọ̀ wọn, á máa kó inú bíbí jọ lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá wá mú un jáde, ìbínú tó ti kó jọ náà ló máa bá a jáde.

Èyí tó gbọ́n jù nínú gbogbo ìdí náà ni pé gbígbó ń ṣiṣẹ́. Ajá kan ń kọjá lọ níwájú ilé. Ti inú ọgbà gbó. Èyí tó ń kọjá sì kọjá. Kò sí ẹni tó lè sọ fún ajá inú ọgbà pé èkejì ti ní ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Lójú tirẹ̀, òun ló lé e. Bó bá lé ajá ogún lọ báyìí lọ́sẹ̀ kan, ẹ̀kọ́ ti wọ̀ ọ́ lára.

Ìrora náà wà níbẹ̀. Etí tó ń dun ajá, ìbàdí tó ń ro ó, tàbí eégbọn tó bò ó lè mú kó máa lé gbogbo ohun tó bá súnmọ́ ọn. Bí ajá tí kò níjà tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbó mọ́ ajá mìíràn, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ kí ẹnikẹ́ni tó ronú ẹ̀kọ́.

Fèrè ọdẹ àti ààlà ajá

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọdẹ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti gbọ́dọ̀ rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ nínú igbó. Bí ẹ̀rù tàbí ìbínú bá ti gba ajá, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì, ara rẹ̀ á múra ìjà tàbí eré sísá, etí rẹ̀ á sì di sí ohùn tó mọ̀ jù lọ láyé. Olówó rẹ̀ lè máa pe "Jókòó" nígbà ogún, bí ẹni ń pọn omi sínú ajádìí agbọ̀n ni. Pípariwo sì tún lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́ sí i. Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ní ń pa ọ̀bọ, ajá tó bá sì gbọ́ tí olówó rẹ̀ ń ké lẹ́yìn rẹ̀ lè rò pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń lé ọ̀tá.

Ajá kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀. Ká ní ajá kan rí ajá mìíràn ní ogójì ìṣísẹ̀, tó wò ó, tó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ní ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ara rẹ̀ le. Ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó gbó. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ajá yìí lẹ́kọ̀ọ́ ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń fi àkókò ṣòfò. Ogójì ni ibi tí ẹ̀kọ́ ti lè wọlé. Ẹran ni a fi ń dán an wò. Bí ajá bá gba ẹran jẹ́ẹ́jẹ́, tó sì ń dáhùn bí a bá pe orúkọ rẹ̀, ó wà ní ibi tó dára. Bó bá já ẹran gbà débi pé ó fẹ́ mú ọmọ ìka, ó ti dé ẹ̀bá ààlà. Bó bá kọ ẹran pátápátá, a ti súnmọ́ jù, ká yà padà.

Ẹ̀kọ́ tí a ó kọ́ ọ níbẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Ivan Pavlov, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tó gba Ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1904 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara. Nínú iṣẹ́ rẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí pé itọ́ ajá máa ń dà kí oúnjẹ tó dé rárá, tó bá ti rí tàbí gbọ́ ohun tó máa ń ṣáájú oúnjẹ. Bí ìró lásán bá lè mú kí itọ́ ajá dà, ìrísí ajá mìíràn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ajá mìíràn yọ lókèèrè. Ajá wa rí i. Lójú ẹsẹ̀, ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹnu rẹ̀, wẹ́wẹ́, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Ajá òkèèrè ṣẹ́ kọ́nà, ẹran dáwọ́ dúró. Ètò yìí kò gbọdọ̀ yí padà: kí ó kọ́kọ́ rí ajá, kí ẹran tó dé. Bí ẹran bá ṣáájú, ajá lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé nígbàkigbà tí ọwọ́ bá wọ inú àpò ẹran, wàhálà ń bọ̀. Ẹran náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í rí jẹ lójoojúmọ́: ẹ̀dọ̀ màlúù tí a sè láìfi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, tàbí iwe adìẹ tí a gé tó bí ẹyọ ẹ̀wà. Egungun adìẹ tí a ti sè kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, torí ó lè ṣẹ́, kó gún un nínú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòjọ́ ti tó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan kan á ṣẹlẹ̀ tí ẹni tó ń kọ́ ajá á fi mọ̀ pé ọ̀nà ti ń là. Ajá náà á rí ajá mìíràn, á sì yí ojú padà fúnra rẹ̀ sí olówó rẹ̀, bí ẹni ń béèrè pé ẹran òun dà. Leslie McDevitt, olùkọ́ ajá ará Amẹ́ríkà, sọ irú ẹ̀kọ́ yìí di eré nínú ìwé rẹ̀ *Control Unleashed* tó jáde lọ́dún 2007: a ń san ẹ̀san fún ajá nítorí pé ó wo ohun tó ń bà á lẹ́rù, tó sì yíjú kúrò níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni a lè dín àlàfo kù, láti ogójì sí márùndínlógójì. Bó bá gbó, a ti yára jù, ká padà sí ogójì. Kò sí ìyà nínú rẹ̀.

Bí ọ̀rẹ́ kan bá ní ajá tó ní sùúrù, iṣẹ́ á yá sí i. Pápá ilé ìwé lọ́jọ́ Sátidé, bí àwọn aláṣẹ bá fọwọ́ sí i, dára púpọ̀. Kí àwọn méjèèjì máa rìn sí apá kan náà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà yìí, èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ọ̀hún, pẹ̀lú àlàfo tó gbòòrò láàárín wọn. Ìrìn ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rọrùn fún ajá ju ìfojúkojú lọ.

Bí wọ́n bá pàdé lójijì

Òpópónà kò ní ìlà, kọ́nà sì pọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ajá mọ ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí pé ká yí padà. Inú ilé la ti ń kọ́ ọ. Olówó rẹ̀ á sọ pé "Ó yá, ká lọ," á yí padà kíá, á sì fún un ní ẹran bó bá ti tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ti ṣe é nígbà ọgọ́rùn-ún ní pálọ̀ àti ní àgbàlá, ó lè ṣiṣẹ́ lójú títì. Ọkọ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà wúlò. Bí a bá fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, tí a da ẹ̀kúnwọ́ ẹran wẹ́wẹ́ sílẹ̀, imú ajá á lọ sílẹ̀, ojú rẹ̀ á sì kúrò lára èkejì.

Okùn náà ní ipa tirẹ̀. Okùn tó tó mítà méjì, tó dẹ̀ díẹ̀, sàn ju ṣéènì tí a fún mọ́ ọwọ́ lọ. Ìgbàkigbà tí okùn bá le, ajá ń gbọ́ ọ lára pé olówó òun náà ti rí ewu. Ọ̀já tó gba àyà ajá kọjá sàn ju èyí tó ń fún un lọ́rùn, nítorí ọrùn tó ń dunni kì í jẹ́ kí ọkàn balẹ̀.

Ní ti ajá tó ń rìn kiri láìsí olówó, ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ tí a jù sí iwájú rẹ̀ lè dá a dúró nígbà tí a bá ń yà lọ. Kí a má ṣe sáré, torí sísá eré ló máa ń fa ìlépa.

Ọ̀rọ̀ géètì

Ẹ̀kọ́ ojú títì kò ní dúró bí ajá bá ń gbó mọ́ ajá lẹ́nu géètì ní gbogbo ọjọ́. Kí a fi páànù tàbí pákó dí ihò abẹ́ géètì àti àárín irin rẹ̀, kí a gbé ilé ajá lọ sẹ́yìn ilé, kí a sì yọ ṣéènì bí ọgbà bá ti ní ògiri. Dípò kí a gbé oúnjẹ rẹ̀ sínú abọ́ kan ṣoṣo, a lè fọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú koríko kó máa fi imú wá a. Ajá tó ti fi imú ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú á fẹ́ sùn.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ onílé máa ń béèrè níbí ni pé, ṣé ajá tí a ń fún lẹ́ran nítorí pé ó dákẹ́ ṣì lè ṣọ́lé? Ó lè ṣọ́ ọ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ní kó má gbó mọ́ ẹni tó ń fo ògiri. Bó bá gbó lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí mẹ́gàádì tàbí ẹni tó wà nílé yọjú wò, kó sọ fún un pé "Ó ti tó," kó pè é sọ́dọ̀, kó sì fún un ní nǹkan. Ajá tó ń gbó mọ́ gbogbo ajá tó kọjá láti aago mẹ́wàá alẹ́ dòwúrọ̀ ni kò wúlò fún ìṣọ́lé, torí ọjọ́ tí olè bá dé gan-an, kò sẹ́ni tó máa dìde.

Gbogbo ará ilé gbọ́dọ̀ jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Bí ìyá bá ń fi ẹran kọ́ ajá láàárọ̀, tí ọmọ ń jù ú ní òkúta láti rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án, iṣẹ́ ìyá ń ṣòfò.

Pàṣán

Lílu ajá lè pa á lẹ́nu mọ́ lójú ẹsẹ̀, ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ajá náà ń kọ́ ni pé nígbà tí ajá mìíràn bá ti yọ, ìrora ń bọ̀ lára òun. Ẹ̀rù rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ajá tí wọ́n nà nítorí pé ó kùn tún lè fi kíkùn sílẹ̀, kó máa gé ènìyàn jẹ láìkìlọ̀. Ní Portugal, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2020 fi ajá 92 láti oríṣiríṣi ilé ẹ̀kọ́ ajá wéra. Àwọn tí wọ́n ń fi ìyà kọ́ fi àmì ìnira hàn ju àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀san kọ́, omi ara tó ń pọ̀ nígbà ìdààmú sì ga nínú itọ́ wọn lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ìjọba Wales ti fòfin de ọ̀já ọrùn tó ń fi iná mànàmáná gún ajá láti ọdún 2010.

Dókítà ẹran

Bí ajá bá ti ń gbó débi pé kò lè jẹun tàbí sùn, tàbí tó ti gé ẹnikẹ́ni jẹ, ó ti kọjá ohun tí ẹran wẹ́wẹ́ nìkan lè yanjú. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta. Dókítà lè yẹ ara ajá wò, kó sì kọ oògùn tó máa mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ. Oògùn ènìyàn kò ṣeé dán wò lára ajá: ibuprofen tí ènìyàn ń lò fún ara ríro jẹ́ májèlé fún un.

Ẹni tó ní ajá tó ń bá ajá mìíràn fa wàhálà kò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ṣeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí ènìyàn 59,000 ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, eyín ajá ló sì ń kó o ran 99 nínú 100 wọn. Ní oṣù mẹ́ta ni a ti ń gún ajá ní abẹ́rẹ́ náà, a sì ń tún un gún bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀. Bí ohùn ajá bá ṣàdédé yí padà, tó ń da itọ́, tí kò lè gbé omi mì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ajá bá gé jẹ yóò fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, yóò sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Fún àwọn ajá tí ọ̀rọ̀ wọn kò le tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ oṣù mélòó kan ni. Ọ̀sẹ̀ kan á lọ geere, ọ̀sẹ̀ kejì ajá kan á já lójú kọ́nà, wọ́n á sì padà sí ogójì ìṣísẹ̀. Àwọn ajá mìíràn kò ní fẹ́ràn ajá ẹlẹgbẹ́ wọn láéláé, kò sì pọn dandan kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Kí wọ́n lè kọjá lára ara wọn nìkan la ń wá. Nígbà tó bá yá, ní aago mẹ́fà àárọ̀ kan, ajá kan á yọ lápá òsì. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún á dúró, etí rẹ̀ á nà, á wo ọ̀nà fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Lẹ́yìn náà á gbórí sókè wo ojú olówó rẹ̀, okùn á ṣì dẹ̀, ẹran ẹ̀dọ̀ á sì jáde nínú àpò.